Kí Bàbá Onílé Gbé Omi Wá Fúnra Rẹ̀

Àwọn tó pè mí ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí bí ọkùnrin tó ti dàgbà ṣe yẹ kó máa gba àlejò nínú ilé ara rẹ̀. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún ọ̀rẹ́ mi kan, ẹnu yà á. Ó ní, “Kí ló wá wà níbẹ̀ tó di ìdánilẹ́kọ̀ọ́? Ṣebí ìyàwó ni yóò gbé oúnjẹ wá?” Mo ní kò burú, òun gan-an ni mo máa bá sọ̀rọ̀.

Télọ̀ ni bàbá mi. Yàrá méjì la gbà ní àdúgbò kan ní Ìbàdàn níbí, àga mẹ́ta ló sì wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó fi ṣe ṣọ́ọ̀bù. Bí àlejò bá yọ lẹ́nu ọ̀nà, bàbá mi á dá máṣíìnì dúró, á fi abẹ́rẹ́ ọwọ́ rẹ̀ gún àyà bùbá kó má baà sọnù, á sì dìde. Ìkíni á wá bẹ̀rẹ̀: ẹ káàbọ̀, ẹ kú ìrìn, ilé ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé àlàáfíà ni wọ́n wà? Èmi ló máa ń bu omi nínú àmù, ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni mò ń gbé e fún àlejò. Bàbá mi á gbà á lọ́wọ́ mi lẹ́nu kọ́tìnì, á gbé ife náà sókè síbi ìmọ́lẹ̀ kó lè wò ó bóyá pàǹtí wà níbẹ̀, á fi àtẹ́lẹwọ́ nu ìdí rẹ̀ kó má baà kán sí aṣọ àlejò, á wá bẹ̀rẹ̀ díẹ̀, á fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. Bó ṣe ń ṣe é fún olórí ẹbí wa nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà ló ń ṣe é fún ọkùnrin tó ń wá gba owó iná. Bí wọ́n bá jẹun tán, òun náà ló ń di kẹ́tùlù mú, tí yóò máa da omi sí wọn lọ́wọ́ lórí abọ́, aṣọ ìnuwọ́ á sì wà léjìká rẹ̀.

Mo bi í lọ́jọ́ kan pé kí ló dé tí kì í jẹ́ kí n gbé omi náà fún wọn. Ó ní, “Ìwọ lo bu ú, wọ́n á kí ọ. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n wá.” Gbogbo ohun tí mo ní láti sọ lónìí, inú gbólóhùn yẹn ló ti jáde.

Ẹ̀yin ọkùnrin ẹgbẹ́ mi, a ti mọ òde ṣe ju bí a ṣe mọ àlejò ṣe lọ. Ọkùnrin kan lè pé ọmọ àádọ́ta ọdún, kó gba gbọ̀ngàn ńlá, kó pe ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ènìyàn, kó dá aṣọ ẹbí, kó gba olórin, kí àwọn alásè to kúlà jọ bí ẹni ń to búlọ́ọ̀kù. Ẹ wá sọ fún ọkùnrin yìí kan náà pé ọ̀rẹ́ mẹ́rin ń bọ̀ wá kí i nílé lọ́jọ́ Àìkú, láago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ara rẹ̀ kò ní balẹ̀ mọ́. Yóò ní, “Ẹ jẹ́ ká kúkú pàdé níta.” Ilé tó fi ogún ọdún kọ́, kò sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó mọ àwọ̀ ògiri inú rẹ̀. Èyí dùn mí.

Lóde, ẹni tó ń náwó kò lè mọ ẹni tó jẹun àti ẹni tí kò jẹ. Ó ń lọ láti tábìlì dé tábìlì, ó ń bọ àwọn ènìyàn lọ́wọ́, ojú rẹ̀ sì ti wà lára ẹni tó kàn. Ẹni tó wá láti Ìlọrin lè padà lọ láìbá a sọ gbólóhùn mẹ́ta. N kò bá ẹni tó ń ṣe òde jà, ìnáwó ní ọjọ́ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà tó sọ pé ojú àlejò la ti ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn rẹ̀ la ti ń san án, wọ́n mọ ohun tí ojú wọn rí. Àlejò inú ilé kò bèèrè gbèsè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àga ló fẹ́, àti omi, àti ojú onílé, àti ìwọ̀nba ohun tó bá wà nínú ìkòkò. Yàrá kótópó gba ogún ọ̀rẹ́ tó bá fẹ́ràn ara wọn.

Amos Tutuola, ọmọ Abẹ́òkúta, kọ ìwé kan tí ilé iṣẹ́ Faber and Faber tẹ̀ jáde ní London ní 1952, The Palm-Wine Drinkard. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rántí ìwé náà nítorí àwọn iwin àti ẹbọra inú rẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lèmi ń rántí. Bàbá ọkùnrin inú ìtàn náà fún un ní oko tí igi ọ̀pẹ 560,000 wà nínú rẹ̀, ó sì gba adẹ́mu kan fún un, tó ń dá kẹ́ẹ̀gì 150 láàárọ̀, tó tún ń dá 75 nírọ̀lẹ́. Ilé kún fún ọ̀rẹ́ tilẹ̀ ń ṣú tilẹ̀ ń mọ́. Adẹ́mu já bọ́ lórí ọ̀pẹ, ó kú. Ẹmu tán, ọ̀rẹ́ sì tán. Ọ̀kan tí ọkùnrin náà pàdé níta kàn kí i lókèèrè ni, kò sún mọ́ ọn, ó yára bá tirẹ̀ lọ. Bí mo bá ka ibẹ̀, ohun tí mo máa ń bi ara mi ni pé, nínú gbogbo ẹmu tó ṣàn nínú ilé yẹn, ṣé onílé bi ẹnì kan léèrè rí pé ìyá rẹ̀ ńkọ́? Ẹmu ló gbà wọ́n lálejò. Onílé kò sí níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sórí ọ̀rọ̀ obì, nítorí inú rẹ̀ ni àwọn bàbá wa kó ìwà ìgbàlejò pọ̀ sí. Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀ lọ́jà wa. Gbànja ni aláwẹ́ méjì, òun ni àwọn oníṣòwò ń dì lọ sí Òkè Ọya fún àwọn Hausa. Obì àbàtà ló máa ń ní awẹ́ mẹ́ta, mẹ́rin, títí dé mẹ́fà nígbà mìíràn, òun la sì mọ̀ mọ àdúrà àti ìgbéyàwó. Ọkùnrin tó ti lé ní ogójì ọdún tí kò mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì, kó lọ jókòó ti ìyá arúgbó tó ń tà á lẹ́bàá ọ̀nà. Ìyá náà á fi ìka hàn án pé èyí tó ní ihò bíńtín lára yìí, kòkòrò ti wà nínú rẹ̀. Pé èyí tó rọ̀ yìí ti ń bàjẹ́. Pé èyí tó le gbagidi, tí ara rẹ̀ ń dán, ni kó mú. Á fi ewé tútù wé e fún un, nítorí obì tí atẹ́gùn bá ń fẹ́ sí kì í pẹ́ rọ. Bó bá délé, kó fọ̀ ọ́, kó bu omi díẹ̀ sínú àwo funfun, kó kó o sí i, kó sì gbé e síwájú àlejò fúnra rẹ̀. Àgbà tó bá wà níjókòó á gbàdúrà sí i. Ara orúkọ obì gan-an la ti ń yọ àdúrà náà, pé kí ó bá onílé àti àlejò bi ibi dànù, kí ó bi àìsàn. Ẹni tó kéré jù níbẹ̀ á pa á, á sì pín in, awẹ́ kọ̀ọ̀kan á kárí.

Ọ̀rọ̀ rere ní ń yọ obì lápò. Ọ̀pọ̀ ló ń pa òwe yìí láìronú sí àpò náà. Ó túmọ̀ sí pé obì ti wà lára onílé kí àlejò tó dé, ó ń retí ẹni tí yóò bá a sọ̀rọ̀ dáadáa. Onílé ti múra sílẹ̀ láìmọ ẹni tó ń bọ̀.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa kì í jẹ obì. Àwọn mìíràn wà tí ẹ̀sìn wọn kò jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kàn án, nítorí pé wọ́n ń rí i nídìí òrìṣà. Ẹ má bá wọn jiyàn lórí àga yín. Ẹ̀pà wà, ìpékeré wà, kókóró wà, àádùn wà. Káféènì inú kọfí wà nínú obì náà, nítorí náà ẹ má fi lọ àgbà tó wá lálẹ́ tó sì ti ń sọ pé òun kì í rí oorun sùn.

Ilé pàápàá ti yí padà mọ́ wa lórí. Ní agboolé àtijọ́, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni baálé ń jókòó sí. Ẹni tó ń kọjá ń rí i, òun náà ń rí wọn, ìkíni sì ń lọ láti àárọ̀ títí di alẹ́. Nígbà tí àwọn Àgùdà padà dé láti Bràsíl ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ irú ilé tí wọ́n mọ̀ lọ́hùn-ún sí Pópó Àgùdà ní Èkó, tòun ti fèrèsé gíga àti iyàrá tí a yà sọ́tọ̀ fún àlejò níwájú ilé. Mo fẹ́ràn ìtàn ilé ìdílé da Rocha tó wà ní òpópónà Kakawa, tí wọ́n ń pè ní Water House, nítorí pé omi ló fún un lórúkọ: inú àgbàlá rẹ̀ ni kànga wà tí aráàlú ti ń wá ra omi nígbà náà. Àwọn Àgùdà yìí kan náà ló ń se ẹ̀wà olómi àgbọn tí wọ́n ń pè ní frejon ní ọjọ́ Ẹtì tó ṣáájú Àjíǹde, tí wọ́n sì ń gbé abọ́ rẹ̀ kiri ilé àwọn aládùúgbò, Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì. Wọ́n kọ́ iyàrá àlejò, wọn kò sì ti ilẹ̀kùn rẹ̀.

Ohun tó ti ilẹ̀kùn náà dé lẹ́yìn wọn. Ìbàdàn níbí ni tẹlifíṣọ̀n WNTV ti bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959, a sì ń fi í yangàn lọ́nà tó tọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo pálọ̀ yín bí ẹ bá délé lónìí. Gbogbo àga ló dojú kọ ògiri kan ṣoṣo. Àlejò jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, kò kọjú sí yín, ẹ jọ ń wo ẹni tí kò mọ̀ pé ẹ wà láyé. Bí eré bọ́ọ̀lù bá parí, àlejò á dìde, á ní òun ń lọ, ẹ ó sì rò pé ẹ ti jọ wà papọ̀ fún wákàtí méjì. Ẹ yí àga méjì padà kó kọjú síra. Ẹ pa tẹlifíṣọ̀n náà, ẹ má kàn dín ohùn rẹ̀ kù. Ẹ gbé fóònù sí iyàrá. Kò ná yín ní kọ́bọ̀.

Èmi náà ti jẹ̀bi nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún kejì tí mo gbéyàwó, àwọn ọ̀rẹ́ mi mẹ́ta wá kí mi lọ́jọ́ Àìkú kan. Inú mi dùn. Mo jókòó sórí àga, mo ń pàṣẹ láti pálọ̀: ẹ gbé omi wá, ẹran náà ńkọ́, ẹ bá wa wá ife mìíràn. Oyún oṣù méje ló wà nínú ìyàwó mi. Ó lọ, ó bọ̀, ó lọ, ó bọ̀. Nígbà tó jáde lẹ́ẹ̀kẹrin, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ mi dìde láìsọ̀rọ̀, ó gba tírè lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi àga tirẹ̀ fún un, ó wọ ilé ìdáná lọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ àwo. À ń gbọ́ ìró omi láti pálọ̀. Kò bá mi wí, kò sì pa àwàdà kankan lé e lórí. Nígbà tí wọ́n lọ tán, ìyàwó mi ní, “Àlejò rẹ ló ṣe mí lálejò lónìí.” Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára, kò sì tíì jáde títí di òní.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń sọ fún àwọn ọkùnrin pé aya yín pẹ̀lú yín ló ń gbàlejò. Ó yẹ kó rí àga jókòó sí, kó bá wọn sọ̀rọ̀, kó rẹ́rìn-ín. Bí ó bá wà lẹ́yìn kọ́tìnì láti ìgbà tí wọ́n dé títí wọ́n fi lọ, ẹ ti pe àlejò wá láti wá fi iṣẹ́ jẹ ẹ́ níyà. Àpọ́n náà kò ní àwáwí, bẹ́ẹ̀ ni bàbá tí ìyàwó rẹ̀ ti ṣaláìsí tó wá ń sọ pé ilé òun kò ṣeé wọ̀ mọ́. Àwọn ọmọ wa tó wà ní London ti fi hàn wá pé ó ṣeé ṣe: kò sí ọmọ ọ̀dọ̀, iṣẹ́ kò jẹ́ kí tọkọtaya wà nílé pọ̀, ọkùnrin ló sì ń ro ẹ̀bà fún ẹni tó wá kí i, tó tún ń kó àwo kúrò nílẹ̀. Ipò ọkọ kò kúrò lórí ọ̀kankan nínú wọn.

Nítorí náà, kí ọkùnrin mọ ohun kan sè tó dáńgájíá. Ohun kan péré ni mo wí. Nílẹ̀ wa, ọkùnrin ló ń pa ewúrẹ́, òun ló ń wi irun rẹ̀, òun ló sì ń sun ún. Asun tí àwọn ará Oǹdó fi ń yangàn kò le. Kí ẹyín iná kọ́kọ́ pupa, kí ọwọ́ iná sì ti lọ sílẹ̀ kí ẹ tó gbé ẹran sí i. Bí ọwọ́ iná bá ń là, ìta á jó, inú á sì tutù. Ẹ sun ún títí ara rẹ̀ á fi pọ́n, ẹ gé e wẹ́wẹ́ nígbà tó ṣì ń gbóná. Ẹ wá gbé ìkòkò kaná, ẹ da òróró díẹ̀ sí i, kí àlùbọ́sà àti ata rodo tí ẹ gún, tí ẹ kò lọ̀ kúnná, ta sánsán nínú rẹ̀, kí ẹ tó da ẹran náà pọ̀ mọ́ ọn. Ẹ wọ́n iyọ̀ sí i, ẹ yí i po, ó parí. Ẹ ti lè ṣe gbogbo èyí kí àlejò tó dé. Èyí tún ṣe pàtàkì, nítorí oúnjẹ tó bá fi onílé pamọ́ sí ilé ìdáná fún wákàtí méjì nígbà tí àlejò wà nínú pálọ̀ kò yẹ ní oúnjẹ àlejò. Ìdí nìyí tí n kì í fi gba ẹnikẹ́ni níyànjú pé kó gún iyán fún ènìyàn mẹ́wàá nígbà tí kò sí ẹni tí yóò bá a gún un. Iyán fẹ́ kí wọ́n jẹ òun nígbà tó gbóná, onílé á sì máa làágùn nídìí odó nígbà tí ọ̀rọ̀ ń dùn níwájú ilé.

Ẹ bi àwọn àlejò léèrè ṣáájú. Ìtọ̀ ṣúgà ti mú ẹlòmíràn, ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá ẹlòmíràn jà, ojú á sì máa tì wọ́n láti sọ ọ́ lórí oúnjẹ. Ẹ pe olúkúlùkù lórí fóònù lọ́jọ́ kan ṣáájú, ẹ ní, “Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ lè jẹ, kí ni ẹ kò gbọ́dọ̀ jẹ?” Inú rẹ̀ á dùn ju kí ẹ pa màlúù lọ.

Lórí ọtí, ẹ má fi agídí rọ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó ní omi lòun fẹ́, omi ni kí ẹ fún un, ẹ má bi í léèrè ìdí. Ẹni tó máa wa ọkọ̀ padà sílé, onílé tó ń da ọtí kún ife rẹ̀ kò fẹ́ràn rẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹmu ni ẹ fẹ́ fi ṣe wọ́n lálejò, kí ó jẹ́ èyí tí wọ́n dá láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó máa dùn nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé; tó bá fi di ìrọ̀lẹ́, ó ti le; tó bá di ọjọ́ kejì, kíkan ló ń kan lọ. Ẹni tó ń bu ẹmu ló ń kọ́kọ́ tọ́ ọ wò lójú gbogbo ayé kí ó tó gbé e fún ẹlòmíràn. Àṣà yẹn dára, ẹ má jẹ́ kó parun. Onílé ń fi í sọ fún àlejò pé ohun tí yóò wọ ọ̀fun rẹ ti kọ́kọ́ wọ tèmi.

Ibì kan wà tí ọ̀pọ̀ ọkùnrin kì í wò. Ilé ìyàgbẹ́ ni. Kí ọkùnrin wọ ibẹ̀ fúnra rẹ̀ kí àlejò tó dé, kó ti ilẹ̀kùn, kó wo ohun tí àlejò máa rí nígbà tó bá dá wà níbẹ̀. Ṣé omi ń yọ lẹ́nu ẹ̀rọ? Bí kò bá yọ, ṣé omi wà nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, ṣé ife ìbomi wà lórí rẹ̀? Ọṣẹ ńkọ́? Aṣọ ìnuwọ́ tó mọ́ ńkọ́? Ṣé ilẹ̀kùn náà ṣeé tì láti inú? Mo ti rí ìyá àgbà kan tó há omi mọ́ra láti ọ̀sán di alẹ́ nínú ilé olówó, nítorí pé kọ́kọ́rọ́ ibẹ̀ ti bàjẹ́, ojú sì ń tì í láti sọ. Àga aláwọ tí wọ́n fi í jókòó sí kò wúlò fún un lọ́jọ́ náà.

Aṣọ onílé kò gba ariwo. Bùbá àti ṣòkòtò tó mọ́, tí wọ́n lọ̀, ti tó. Agbádá á jẹ́ kí àlejò rò pé ẹ fẹ́ jáde, síńgílẹ́ẹ̀tì á sì jẹ́ kó rò pé ẹ kò retí òun.

Ọ̀rọ̀ ẹnu wá kù. Ẹ má bi ẹni tí kò tíì lọ́mọ léèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ẹ má bi àpọ́n léèrè ìgbà tí a máa jẹ ìrẹsì rẹ̀. Wọ́n ti gbọ́ ọ níbi gbogbo. Ó yẹ kí ilé yín jẹ́ ibi tí wọn kò ti ní gbọ́ ọ. Ẹ jẹ́ kí àlejò sọ̀rọ̀ ju yín lọ. Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmọlẹ̀ tí D. O. Fágúnwà kọ, tó jáde ní 1938, báwo ni ìtàn inú rẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀? Ẹni tó ń ròyìn jókòó jẹ́ẹ́ sórí àga rẹ̀ láàárọ̀, bàbá àgbà kan yọ sí i, wọ́n kíra, bàbá náà sì ní kó mú gègé àti ìwé. Bí ó bá jẹ́ pé ọwọ́ ẹni náà dí ni, tàbí pé òun ló fẹ́ máa sọ tirẹ̀, kò sí ìwé.

Àlejò tí a kò retí ti ń tán lọ, nítorí fóònù ti jẹ́ kí gbogbo ènìyàn máa bèèrè kí wọ́n tó wá. Síbẹ̀, bí ẹnì kan bá ká yín mọ́ ìdí oúnjẹ, ẹ má gbé àwo náà pamọ́. “Ẹ bá wa ire o” ni kí ẹ wí, kí ẹ sì wí i tọkàntọkàn. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀bà àti ilá tó kù lánàá ni, ẹ sọ pé ìyẹn ló wà. Àwọn àgbà sọ̀rọ̀ àlejò tí onílé rẹ̀ ń jẹ èso gbìngbindò, tí òun ní kí wọ́n ṣe òun lọ́wọ́ kan ẹ̀wà. Àlejò bẹ́ẹ̀ kò pọ̀. Ọ̀pọ̀ ló fẹ́ bá yín jẹ ohun tí ẹ̀yin gan-an ń jẹ.

Bí ó bá di pé wọ́n fẹ́ lọ, ẹ má jókòó sórí àga kí ẹ máa juwọ́ sí wọn. Ẹ sìn wọ́n. Bàbá mi máa ń gba àpò lọ́wọ́ àlejò, á gbé e kọ́ èjìká, á sì bá a rìn títí dé oríta tí wọ́n ti ń wọ mọ́tò. Mo máa ń tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn. Ibẹ̀ ni mo wá mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tó gbé àlejò wá, ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í sọ ọ́ nínú ilé. Ojú ọ̀nà ló ti máa ń jáde: owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ tí kò pé, àìsàn tí kò fẹ́ kí ìyàwó mọ̀, ìjà ilẹ̀ láàárín òun àti àbúrò rẹ̀. Bàbá mi kò lówó tó fi yanjú èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, àmọ́ kì í padà sílé títí mọ́tò á fi gbéra.

Nígbà tó kú, ọkùnrin kan tí n kò mọ̀ rí wá kí wa. Ó ti darúgbó gan-an. Ó ní òun ló ń wá gba owó iná ní àdúgbò wa láyé àtijọ́. Ó ní nínú gbogbo òpópónà tí òun ń rìn, ilé kan ṣoṣo ni bàbá onílé ti ń fi ọwọ́ méjèèjì gbé omi fún òun. Mo dìde, mo bu omi sínú ife, mo fi àtẹ́lẹwọ́ nu ìdí rẹ̀, mo sì gbé e fún un.

Ẹ̀yin ọkùnrin tí ẹ wà níbí, ẹ bá mi ṣe ohun kan. Kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, ẹ rántí ẹni méjì tí ẹ ti ń sọ fún láti ọdún tó kọjá pé “a ó ríra.” Ẹ pè wọ́n wá sílé lọ́jọ́ Àìkú. Ẹ jẹ́ kí ìyàwó yín jókòó. Ẹ gbé omi náà wá fúnra yín, bí ilẹ̀ bá sì ń ṣú lọ, ẹ sìn wọ́n dé ìdí mọ́tò.